Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí èèyàn máa fọ kọ́mú àti pátá? Ẹ̀kọ́ láti inú ooru Niamey

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yẹra fún ní gbangba ni ọ̀rọ̀ òní. Ọ̀rọ̀ aṣọ tí ojú ẹlòmíì kì í rí ni, bẹ́ẹ̀ òun ló sún mọ́ ara ju gbogbo aṣọ yòókù lọ: kọ́mú, pátá, síńgílẹ́ẹ̀tì, bọ́ksà àti yẹrì.

Ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, àárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni ooru máa ń mú jù. Lóṣù Kẹrin, ojú ọjọ́ sábà máa ń kọjá ìwọ̀n 40 Celsius lọ́sàn-án. Kí obìnrin tó ti ilé rẹ̀ dé ọjà Grand Marché, òógùn á ti rin kọ́mú rẹ̀ gbindin. Kí ọkùnrin tó ń gbẹ́rù lọ́jà Katako tó jẹun ọ̀sán, síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Bí ẹ bá rìn dé etí Odò Ọya tó gba àárín ìlú náà kọjá, ẹ ó rí àwọn alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ, tí wọ́n ń sá a sílẹ̀ kó lè gbẹ. Agbádá wà níbẹ̀, aṣọ ìbùsùn wà níbẹ̀, ìró wà níbẹ̀. Kọ́mú àti pátá ló ṣọ̀wọ́n.

Ìdí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Yálà Niamey ni ìdílé ń gbé, tàbí Ìbàdàn, tàbí Kútọnu, ohun tí ìyá ń sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ kò yàtọ̀: "Ọwọ́ ara ẹ ni kó o fi fọ pátá ẹ, má sì sá a síbi tí àlejò á ti rí i."

Ìdajì ẹ̀kọ́ yẹn dára púpọ̀. Ìdajì kejì ló ń fa àìsàn fún ọ̀pọ̀ obìnrin, torí pé ẹni tó bá fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ dáadáa, tó wá fi í pamọ́ sínú òkùnkùn nígbà tó ṣì tutù, iṣẹ́ ìdajì ló ṣe.

Ṣé òógùn ló ń rùn ni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òógùn fúnra rẹ̀ ló ń rùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òógùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn kankan. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lórí awọ ara ló ń jẹ ohun tó wà nínú òógùn abíyá àti ti abẹ́, ohun tó bá sì ti ara wọn jáde ló ń rùn.

Àwọn onímọ̀ ní Fásitì York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé kòkòrò kan tó ń jẹ́ Staphylococcus hominis wà lára àwọn tó ń sọ òógùn abíyá di òórùn burúkú.

Irú aṣọ tí èèyàn wọ̀ náà ní ipa tirẹ̀. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ ní Fásitì Ghent lórílẹ̀-èdè Belgium gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n gba ẹ̀wù lọ́wọ́ èèyàn 26 tó gun kẹ̀kẹ́ eré ìdárayá títí wọ́n fi làágùn. Nígbà tí wọ́n gbóòórùn àwọn ẹ̀wù náà lẹ́yìn náà, èyí tí wọ́n fi polyester ṣe rùn ju èyí tí wọ́n fi òwú ṣe lọ.

Èyí kan kọ́mú gbọ̀ngbọ̀n, torí pé polyester, nylon àti rọ́bà tó ń fà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Òórùn nìkan kọ́ ni wàhálà tó wà níbẹ̀ o. Abẹ́ ọmú, abíyá àti ẹ̀gbẹ́ itan jẹ́ ibi tí awọ ara ti ń fara kan ara, tí afẹ́fẹ́ kì í sì í débẹ̀ tó. Bí òógùn bá dúró síbẹ̀, tí aṣọ tó tutù sì ń ha á, awọ ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ibẹ̀ ni kòkòrò Candida àti èyí tó ń fa làpálàpá ti ń ráyè wọlé.

Ẹni tí ọmú rẹ̀ tóbi, ẹni tó sanra, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ló yẹ kó kíyè sára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀ẹ̀melòó gan-an wá ni?

Ti pátá àti bọ́ksà kò ní àríyànjiyàn nínú. Bí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, fífọ̀ ló kàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Gerba ti Fásitì Arizona ní Amẹ́ríkà, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí nípa kòkòrò inú ilé, ti sọ pé pátá tí èèyàn bọ́ máa ń ní ìgbẹ́ tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù nínú, ìbáà mọ́ lójú.

Ti kọ́mú ló ní ọ̀rọ̀ nínú. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti ìmọ́tótó ní Amẹ́ríkà, American Cleaning Institute, ní èèyàn lè wọ kọ́mú lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin kó tó fọ̀ ọ́. Àwọn dókítà awọ ara kan sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta ni.

Ìmọ̀ràn yìí dára fún ẹni tó ń jókòó sínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Kò ṣe é gbé wá sí Niamey lóṣù Kẹrin, tàbí Èkó lóṣù Kẹta, láì tún un ṣe. Òógùn ló yẹ kí èèyàn máa fi ka ọjọ́, kì í ṣe kàlẹ́ńdà.

Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí:

• Pátá àti bọ́ksà: ojoojúmọ́. Bí òógùn bá rin ín lọ́sàn-án, kí èèyàn pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di alẹ́.

• Kọ́mú tí òógùn ti rin: bí wọ́n bá ti bọ́ ọ, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà.

• Kọ́mú tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ ọyẹ́ tí ara kò làágùn: ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i láàárín, kí wọ́n má sì wọ ẹyọ kan náà lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra.

• Kọ́mú eré ìdárayá: ẹ̀ẹ̀kan, kò sí àfikún.

• Kọ́mú abiyamọ: ojoojúmọ́, torí pé omi ọmú tó dà sí i ń bọ́ kòkòrò.

• Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

• Yẹrì: ní ìgbà ooru, ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà ọyẹ́, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹni tó bá ní kọ́mú mẹ́ta lè ṣe èyí láì ní ìṣòro: ọ̀kan wà lára, ọ̀kan wà lórí okùn, ọ̀kan ti gbẹ sílẹ̀. Ìsinmi yẹn náà máa ń jẹ́ kí rọ́bà kọ́mú padà sí bó ṣe wà, kó má tètè dẹ̀.

Bí omi bá jẹ́ rírà ńkọ́?

Ẹni tí omi ẹ̀rọ ń yọ nílé rẹ̀ kò ní rí ìṣòro nínú ìmọ̀ràn yìí. Ṣùgbọ́n nílùú Niamey, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń ra omi lọ́wọ́ àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri. Ga ruwa ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, bí àwọn ará Èkó ṣe ń pe tiwọn ní mẹ́ruwà. Kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń tà á.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní omi tó yẹ kí ẹnì kan máa rí lò lóòjọ́ jẹ́ lítà 50 sí 100. Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tó jẹ́ lítà 20 lóòjọ́. Lítà 80 nìyẹn, kò sì tó lítà 14 fún ẹnì kan. Inú rẹ̀ ni wọ́n á ti mu, tí wọ́n á ti se oúnjẹ, tí wọ́n á ti wẹ̀, tí wọ́n á tún ti ṣe àlùwàlá.

Nírú ilé bẹ́ẹ̀, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sún síwájú, torí pé kò sẹ́ni tó ń rí i. Wọ́n á kó o jọ di òpin ọ̀sẹ̀. Òwò àdánù sì ni, torí pé pátá tó ti wà nínú òkìtì fún ọjọ́ mẹ́fà máa ń gba omi àti ọṣẹ ju èyí tí wọ́n bọ́ lálẹ́ àná lọ.

Ohun tó rọrùn jù ni pé kí èèyàn fọ pátá ẹyọ kan àti kọ́mú ẹyọ kan bó bá ti wẹ̀ tán lálẹ́. Abọ́ kékeré kan tó fún ọṣẹ, méjì fún ṣíṣàn. Kọ́mú ni kó kọ́kọ́ fọ̀, kí pátá tẹ̀ lé e, kó má bàa kó ìdọ̀tí ìdí bọ inú aṣọ ọmú. Omi tó kù lè wúlò fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ̀ka ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ní kí wọ́n máa fi omi tó gbóná tó ìwọ̀n 60 Celsius fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ, tàbí ìwọ̀n 40 pẹ̀lú ọṣẹ tó ní èròjà apakòkòrò. Ọwọ́ èèyàn kò lè gba omi tó gbóná tó 60. Torí náà, ohun mẹ́ta ni ẹni tó ń fọwọ́ fọṣọ fi ń dípò ẹ̀rọ: ọṣẹ tó hó dáadáa, omi mímọ́ tí wọ́n fi ṣàn án, àti oòrùn.

Oòrùn tí gbogbo ayé ń ráhùn nípa rẹ̀ ní Niamey, òun náà sì ni olùrànlọ́wọ́ tí kò gba kọ́bọ̀. Pátá olówùú tí wọ́n sá láàárọ̀ lóṣù Kẹrin kì í rí ọ̀sán kó má tíì gbẹ.

Báǹkì tó wà láyà

Ẹ wo ìyá ọlọ́jà kan. Kọ́mú rẹ̀ ni báǹkì rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan owó CFA wọlé, ó tì í sí apá ọ̀tún. Ẹgbẹ̀rún méjì wọlé, ó tì í sí apá òsì. Fóònù náà ń bẹ láàárín.

Owó tó ti ọwọ́ apẹran dé ọwọ́ aláta, tó ti ọwọ́ aláta dé ọwọ́ ọlọ́kọ̀, orí awọ ara tó tutù ló wá bọ́ sí. Kò yani lẹ́nu pé awọ ibẹ̀ á máa yún.

Ìròyìn kan ń jà ràn-ìn pé kọ́mú ló ń fa jẹjẹrẹ ọyàn. Lọ́dún 2014, iléeṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ Fred Hutchinson nílùú Seattle, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn obìnrin tó lé ní 1,500 tó ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù. Wọ́n bi wọ́n ní wákàtí tí wọ́n fi ń wọ kọ́mú, bóyá ó ní wáyà àti ọjọ́ orí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Wọn kò rí ohunkóhun tó so kọ́mú pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ọyàn.

Nítorí náà, kò yẹ kí ẹ̀rù jẹjẹrẹ jẹ́ ìdí tí èèyàn fi ń fọ kọ́mú. Awọ ara ni kó rò. Àwọn ìyá wa àtijọ́ sì ti mọ ọgbọ́n kan: tòbí tí wọ́n ń so sábẹ́ ìró ní àpò tí wọ́n ń kó owó sí, owó kì í sì í kan awọ ara wọn. Pọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n so mọ́ ìbàdí lè ṣe iṣẹ́ kan náà lónìí.

Níbo ni kí wọ́n sá a sí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan ìtìjú rèé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú ilé ìwẹ̀, abẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tó nípọn: àwọn ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń sá pátá sí nìyí. Gbogbo wọn ṣókùnkùn, gbogbo wọn tutù, afẹ́fẹ́ kì í sì í fẹ́ níbẹ̀. Ibi tí kòkòrò ń wá gan-an nìyẹn.

Àpẹẹrẹ mìíràn tún wà tó kan gbogbo ilé. Káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, eṣinṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní tumbu. Ó fẹ́ràn ibòji, ó sì máa ń yé ẹyin sórí iyẹ̀pẹ̀ àti aṣọ tó tutù. Bí èèyàn bá wọ aṣọ náà, ìdin á wọ inú awọ ara, ibẹ̀ á sì wú bí eéwo. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá àgbà fi ń sọ pé kí wọ́n lọ aṣọ ọmọ jòjòló kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ fún un. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ń pa ẹyin náà. Kí aṣọ gbẹ láàárín oòrùn, kó má kan ilẹ̀, kì í jẹ́ kí eṣinṣin náà ráyè.

Ṣé kí wọ́n wá fi pátá sí ojútáyé ni? Rárá. Ìtìjú ní àyè tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Niamey ló ní ọgbà tí wọ́n mọ yí ká. Okùn kan nínú ọgbà, níbi tí oòrùn ti ń wọlé, tó. Bí ilé bá jẹ́ elérò púpọ̀, kí wọ́n fi aṣọ fífẹ́lẹ́ bí ìborùn bò ó lórí okùn. Ìborùn á gba oòrùn àti atẹ́gùn láàyè, kò ní gba ojú àlejò láàyè. Bí òjò oṣù Kẹjọ bá sì dé tí kò sí oòrùn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló dára, kí wọ́n lo áyọ́ọ̀nù fún pátá olówùú kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Kọ́mú àti pátá òkìrìkà

Owó ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ẹlòmíì ti lò. Àwọn ìjọba kan ti fi òfin dè é. Orílẹ̀-èdè Ghana ṣe òfin lọ́dún 1994 tó de kíkó àwọ̀tẹ́lẹ̀ àlòkù wọlé, ọdún 2011 ni wọ́n wá múra sí i gidi. Ìparí ọdún 2011 náà ni ìjọba Zimbabwe de títa àwọ̀tẹ́lẹ̀ àlòkù.

Ṣùgbọ́n òfin kò ra tuntun fún ẹni tí kò lówó. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà mìíràn, kó gbàgbé pátá òkìrìkà pátápátá, kó fi owó rẹ̀ ra pátá olówùú tuntun méjì. Bó bá jẹ́ kọ́mú ló rà, kó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó sì fi sínú oòrùn títí á fi gbẹ pátápátá. Kòkòrò tó ń fa kúrúnà kì í sábà lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ bí kò bá sí lára èèyàn, torí náà kí wọ́n má kánjú wọ ohun tí wọ́n rà lónìí.

Bí kọ́mú ṣe lè mọ́, kó sì pẹ́

Omi híhó kì í ṣe ọ̀rẹ́ rọ́bà kọ́mú, èròjà ajẹ́dọ̀tí bíi jíìkì náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n so ìkọ́ rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n fi í sínú omi ọṣẹ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ ra abẹ́ rẹ̀ àti ibi abíyá, níbi tí òógùn ń gbé jù. Kí wọ́n má fún un bí ẹni ń fún ẹ̀kọ ọkà. Kí wọ́n tẹ omi rẹ̀ jáde ni.

Kí wọ́n ṣàn án títí omi á fi mọ́. Ọṣẹ tó ṣẹ́kù lára aṣọ pẹ̀lú máa ń mú ara yún, tí èèyàn á wá rò pé kòkòrò ni. Kí wọ́n fi àárín rẹ̀ kọ́ okùn, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀, torí omi máa ń fa ọwọ́ kọ́mú gùn. Bó bá ti gbẹ, kí wọ́n ká a, torí oòrùn àṣejù náà ń ba rọ́bà jẹ́.

Fún pátá tí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kàn, omi tútù ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò. Omi gbígbóná máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ, lẹ́yìn náà ni oòrùn. Aṣọ tí ọmọbìnrin ń lò lásìkò nǹkan oṣù ló nílò oòrùn jù, òun náà sì ni wọ́n ń fi pamọ́ jù. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lágbàáyé, láti ọdún 2014, fún ìmọ́tótó nǹkan oṣù. Ìyá tó bá fi okùn kan han ọmọ rẹ̀, tó ní "ibí ni tìẹ, má tijú", ti ṣe ayẹyẹ ọjọ́ náà.

Nígbà wo ni kí wọ́n lọ rí dókítà?

Bí abẹ́ ọmú tàbí ẹ̀gbẹ́ itan bá ń yún kọjá ọ̀sẹ̀ kan, bó bá ń bó, tó ń ṣomi, tàbí tó ń rùn, kí èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn. Kó má ra ìpara kiri lọ́jà, torí àwọn ìpara kan máa ń mú làpálàpá gbilẹ̀ sí i. Bí ọwọ́ bá kan kókó nínú ọmú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọṣẹ mọ́, kó tètè lọ ṣàyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin bàbá pẹ̀lú. Ọkọ tó lè ra léèsì fún aya rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọjáde, kó má gbàgbé kẹ́ẹ̀gì omi kan lé e lójoojúmọ́, àti kọ́mú mẹ́ta lọ́dún. Kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ bọ́ksà tirẹ̀.

Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Léèsì ni ará òde ń rí. Àmọ́ aṣọ abẹ́ rẹ̀ ló ń sọ bóyá ara á yá gágá nínú léèsì náà, tàbí ẹni tó wọ̀ ọ́ á máa yọ́ ara rẹ̀ họ lábẹ́ tábìlì.